Ta Ni Ń Lu Ìlù Yẹn?

Ìbéèrè kan wà tí ó jọ ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n tí àgbà gbọ́dọ̀ ronú kí ó tó fèsì sí i: nígbà tí ohùn kan bá dún, ta ni ó ni ohùn náà? A gbé ìbéèrè yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú àgbà kan ní Àjàṣẹ́, níbi tí díẹ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí jókòó sí. Olórin mẹ́ta ni ẹbí olóògbé pè: onílù kan tí ó ń lu ìlù òyìnbó, akọrin kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé gítà báàsì kọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń fa okùn gítà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ àwọn pẹ́dàlì tí ó tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wáyà so mọ́ synthétiseur kékeré kan, èyí tí àwọn olórin wa ń pè ní synthé. Bí ó bá tẹ ọ̀kan, ohùn gítà yóò nípọn bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀; bí ó bá tẹ òmíràn, fèrè yóò dún; bí ó bá tẹ ẹ̀kẹta, dùndún yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alùdùndún kankan lójú agbo.

Inú àwọn èwe dùn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan nínú ẹbí, ọmọ Kétu, na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dá orin dúró. Ó béèrè pé: «Ta ni ń lu ìlù yẹn?»

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé: «Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rọ ni.»

Àgbà náà ní: «Ìran tí kì í ṣe ti olóògbé ni ẹ̀rọ rẹ ń kì. Orúkọ ilé onílé ni ó ń pè lórí òkú wa. Ta ni yóò tọrọ àforíjì?»

Ọmọ náà kò mọ̀ pé ìlù náà ń sọ ohunkóhun. Dídún rẹ̀ nìkan ni ó gbọ́. Ó bọ́ gítà kúrò lọ́rùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbà náà wò ó títí, ó ní: «Dìde, ọmọ mi. Ìwọ ni o dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dọ̀bálẹ̀.»

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wà láàárín wa. Àwọn kan ní kí a má ṣe jẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ ibi ayẹyẹ wa mọ́. Àwọn mìíràn ní àgbà tí kò fẹ́ kí ọmọdé dá nǹkan titun sílẹ̀ ni ó ń fi àṣà bojú. A ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, ó sì dà bí ẹni pé kò sí èyí tí ó kan ìṣó lórí nínú wọn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí rẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ lé lórí. Gítà báàsì oníná, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, bọ́ sí ọjà ní ọdún 1951, nígbà tí Leo Fender, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé èyí tí ó pè ní Precision Bass jáde. Okùn mẹ́rin ni ó ní. Bí ènìyàn bá fa okùn rẹ̀ láìsí iná, díẹ̀ báyìí ni yóò gbọ́, nítorí pé igi rẹ̀ kò ní inú tí ó ṣófo bí ti gítà àtijọ́. Irin òòfà ni ó wà lábẹ́ àwọn okùn náà, bàbà tín-ín-rín bí irun sì wé mọ́ òòfà náà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí okùn gítà, tí í ṣe irin, bá ti ń gbọ̀n, agbára òòfà ń yí padà, ìyípadà yìí sì ń bí iná mànàmáná kékeré nínú bàbà. Iná yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di ńlá, tí gbohùngbohùn sì ń sọ di ohùn padà.

Synthé ní tirẹ̀ kò ní okùn tí ń gbọ̀n. Iná fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Robert Moog, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ohun èlò orin ní àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1970 ni Minimoog jáde, èyí tí ó ṣeé gbé lọ sí ojú agbo. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, apá kan ń bí ohùn tí a kò tíì sẹ́, apá kejì sì dà bí asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì: ó ń jẹ́ kí èyí tí a fẹ́ kọjá, ó sì ń dá eèrí dúró. Apá kẹta ni ó ń pinnu bí ohùn yóò ti dìde, bí yóò ti pẹ́ tó, àti bí yóò ti kú.

Ọ̀nà méjì ni olórin fi ń so gítà báàsì àti synthé pọ̀ lójú agbo. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, ẹ̀rọ kan ń tẹ́tí sí okùn gítà, ó ń wá ohùn tí okùn náà jẹ́, ó sì ń rán synthé pé kí ó kọ ohùn kan náà. Èyí kò rọrùn rárá. Okùn tí ó nípọn jù lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí ìdá 24 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ kò lè mọ ohùn náà dájú kí ìgbọ̀n kan ó kéré tán tó parí. Ìdí nìyí tí synthé fi máa ń kẹ́yìn ọwọ́ díẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Olórin gbọ́dọ̀ fa okùn ní mímọ́, kí ó sì pa ẹnu àwọn okùn yòókù mọ́, kí ẹ̀rọ má baà ṣì í gbọ́. Ní ọ̀nà kejì, ẹsẹ̀ ni ó ń tẹ pẹ́dàlì, pẹ́dàlì sì ń pe ohùn jáde, ìbáà jẹ́ ohùn tí synthé bí nígbà náà, ìbáà jẹ́ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ níbòmíràn.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a wò dáadáa ni ti Geddy Lee, ọmọ Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, tí ó ń fa gítà báàsì tí ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ Rush. Ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n: òun, Alex Lifeson onígítà, àti Neil Peart onílù, ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1974 tí ó sì kú ní ọdún 2020. Nígbà tí ó yá, ohùn inú àwo orin wọn pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ mẹ́fà lè ṣe lọ. Geddy Lee gbé synthé sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó sì tẹ́ Moog Taurus sílẹ̀, èyí tí í ṣe synthé tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí a ti ń tẹ dùùrù ńlá inú ilé ìjọsìn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi gítà sílẹ̀ lọ sórí synthé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò di ohùn ìsàlẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa kọrin lọ. Ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ tí ń tọ́jú ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ dé, wọ́n sì fi kún un. Ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú láti pa ìlànà kan mọ́: ohùn tí ó bá máa dún lórí pèpéle, kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ pè é ní àkókò rẹ̀, dípò kí wọ́n tan orin kan sílẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣe bí ẹni pé àwọn ni ó ń kọ ọ́.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó kọ ẹ̀rọ ni pé ohùn synthé kì í ṣe ohùn olórin fúnra rẹ̀. A kò rò pé ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a ti rí i, gítà báàsì pàápàá kò lè ké dáadáa bí kò bá sí iná. Ẹ sì jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Kí ni dùndún, bí kò ṣe igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀, awọ ẹran tí a fi bo ojú rẹ̀, àti ọ̀sán tí a fi so ojú méjèèjì pọ̀? Ohùn ta ni ó ń jáde níbẹ̀? Ohùn ènìyàn ni, èyí tí kì í ṣe ti igi, tí kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́. Àwọn baba wa náà ṣe ẹ̀rọ tí ń yá ohùn ẹlòmíràn lò, wọn kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìlù bá lè yá ohùn ènìyàn, kí ni ó dé tí okùn gítà kò fi lè yá ohùn fèrè?

Ẹ̀sùn kejì ni ti ẹ̀tàn: pé ohun tí etí ń gbọ́ kọ́ ni ojú ń rí. Èyí wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Síbẹ̀, a kò lè jẹ́ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ kí a sì máa sọ pé ìbòjú ni irọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó níwájú wa: ọkùnrin ni ó wà nínú aṣọ, ìrìn obìnrin ni ó ń rìn, ojú igi ni a sì ń wò. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, akọrin ń ti abẹ́ ìbòjú sọ òtítọ́ tí ojú lásán kò lè sọ. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo aráyé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ̀tàn ni a ń bọlá fún. Kí ni ó mú ìbòjú yàtọ̀ sí irọ́? Ohun méjì ni. Èkíní, àwa tí a ń wò mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Àdéhùn wà láàárín wa pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì, bí Ẹ̀fẹ̀ bá kọrin bú ẹni tí kò jẹ̀bi, a mọ ilé tí a ó lọ. Ojú ni ó bò. Ẹrù ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lórí ẹni tí ó sọ ọ́.

Geddy Lee fúnra rẹ̀ fi àwàdà kọ́ àwọn olùwòran rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ohùn báàsì rẹ̀ ti ń gba inú wáyà lọ tààrà, kò sì nílò gbohùngbohùn ńlá lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ lórí pèpéle. Ẹlòmíràn ì bá to àpótí òfìfo síbẹ̀ kí a lè rò pé inú wọn ni ohùn ti ń wá. Ní ọdún 2002, ẹ̀rọ mẹ́ta tí a fi ń gbẹ aṣọ ni ó tò sí àlàfo náà, aṣọ sì ń yí nínú wọn bí orin ti ń lọ. Kò sí ẹni tí ó rò pé inú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ni báàsì ti ń dún. Ẹni tí ó bá fi ìbòjú rẹ̀ ṣe ẹ̀rín ní gbangba kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Nígbà náà, níbo ni ààlà wà? Èrò wa ni pé ààlà náà wà níbi tí àṣìṣe ti lè wáyé. Ohùn tí mo lè ṣì, tí a sì lè dá mi lẹ́bi fún, tèmi ni, ìbáà jẹ́ láti inú igi, awọ tàbí iná ni ó ti jáde. Bí ọmọ inú ẹgbẹ́ Rush bá tẹ pẹ́dàlì rẹ̀ kí àkókò tó tó, gbogbo àgbàlá yóò gbọ́, ojú yóò sì tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá tan orin tí a ti gbà sílẹ̀, tí olórin kàn ń mi ọwọ́ lórí gítà, kò sí ohun tí ó lè ṣì. Ẹni tí kò lè ṣìṣe kò ṣe nǹkan kan. Ìyìn tí a bá fún un ni ìyìn àìtọ́, nítorí kò fi ohunkóhun wewu níwájú wa.

Bí a bá dúró síbí, a ó sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin Àjàṣẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó tẹ pẹ́dàlì. Àkókò tí ó tẹ̀ ẹ́ sì yẹ. Ó pa ìlànà àwọn ará Kánádà mọ́ láìmọ̀. Síbẹ̀, gbogbo wa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Èyí ni ó fi hàn wá pé ìlànà náà, bí ó tilẹ̀ dára, kò tó fún wa. Àkókò ìlù náà jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn báàsì tí synthé mú nípọn kì í ki ẹnikẹ́ni, kì í sì í bú ẹnikẹ́ni. Orin ni, orin náà ni yóò jẹ́. Dùndún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Alùdùndún kan, níbì kan, ní ọjọ́ kan, ni ó mú kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ tí ó ki ìran kan tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹnìkan gba ohùn náà sílẹ̀, ó gé e, ó tà á. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni wá di ohun ọ̀ṣọ́, ó ń rìn káàkiri láìmọ ẹni tí ó ń bá wí, títí ó fi dé orí pósí tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ní oríkì náà.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó sọ ohùn di tẹni: kí a lè ṣì í, kí a sì mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó bá ní èkíní láìní èkejì dà bí ọmọ tí ó gbá ilẹ̀kùn ilé onílé ní àkókò tí ó tọ́, tí kò sì mọ ẹni tí ó ń pè jáde.

A kò ní ṣe olóòótọ́ bí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ọmọ náà. Ẹ̀sùn kẹta wà, àwa fúnra wa ni ó sì kàn. Ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dàlì ti gba oúnjẹ lẹ́nu alùdùndún, aṣekérè àti afunfèrè. Ṣùgbọ́n ta ni ó pe ènìyàn mẹ́ta dípò mẹ́jọ? Kì í ṣe olórin báàsì. Ẹbí olóògbé ni, tí ó ti ra aṣọ ẹbí, tí ó ti ya àga àti àtíbàbà, tí ó wá ku owó díẹ̀ fún orin. A ń fẹ́ ohùn àwọn àyàn, a kò sì fẹ́ sanwó fún ọwọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kàn fún wa ní ohun tí a béèrè ni. Bí ìlù ṣe wá ki ìran mìíràn, èrè ọ̀wọ́n-owó àwa náà wà nínú rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a rántí pé àwọn Rush pàápàá, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta pe gbogbo ohùn, yí padà ní ọdún 2012. Ní ìrìn àjò orin Clockwork Angels, wọ́n mú àwọn afagoje wá sórí pèpéle. Ẹ̀rọ tí ó lè dún bí goje kò ṣọ̀wọ́n fún wọn. Wọ́n ti ń lò ó tipẹ́. A kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo agbo rí mọ ohun tí wọ́n rí gbà: ojú tí ń wo ojú, àti ènìyàn tí ó lè gbọ́ tí ẹnìkejì ń lọ kí ó sì dúró dè é.

Kí ni a wá dá lábàá? A kò ní kí a lé gítà báàsì àti synthé kúrò nínú ayẹyẹ wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọmọ tí ó fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin yẹ fún ìyìn, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń darí ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a ya ohùn tí ń dún sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tí ń sọ̀rọ̀. Fún ti ìṣáájú, kí ọmọ wa lo gbogbo pẹ́dàlì tí ó bá ní. Fún ti ìkejì, níbi tí a bá ti ń ki òkú, tí a ń ki ọba tàbí tí a ń ki òrìṣà, kí a wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí owó kò bá tó, kí a fi ẹnu kì í. Ẹnu kò gbówó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò tíì rí yanjú láàárín ara wa. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ bá àgbà ọmọ Kétu nílé, ó ní kí ó tú ohun tí ìlù inú ẹ̀rọ náà ń sọ fún òun, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá wá mọ oríkì kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó ni ín, tí ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ èyí tí ó yẹ ní àkókò tí ó yẹ, ṣé a ó sọ pé òun ni ó lu ìlù? Àwọn kan nínú wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní yóò dà bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ka lẹ́tà fún àgbà tí kò mọ̀wé kà: ó kà á dáadáa, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó kọ ọ́. Ohun tí gbogbo wa fi ohùn kan sọ ni pé, ní ọjọ́ náà, bí àgbà bá tún na ọwọ́ sókè tí ó béèrè ẹni tí ń lu ìlù yẹn, ọmọ náà kò ní dáhùn mọ́ pé ẹ̀rọ ni.